Ẹyin tó ṣẹ́kù lẹ́yìnkùlé: èwo ni ká tà, èwo ni ká fi ṣe sàráà?

ÌBÉÈRÈ: Àáfà, as-salaamu alaekum. Èbúté-Mẹ́tta ni mò ń gbé. Mo ní àgbébọ̀ mẹ́jọ àti àkùkọ kan lẹ́yìnkùlé, ẹyin wọn sì ju èyí tí èmi àtàwọn ọmọ lè jẹ lọ. Mo máa ń ta àwọn tó dáa fáwọn ará ilé, mo sì ń fi àwọn tó ti pẹ́ tàbí tó ti sán ṣe sàráà fáwọn ọmọ kéwú. Ẹnì kan fẹ́ máa san owó oṣù kan sílẹ̀ kí n máa fi ẹyin san án díẹ̀díẹ̀. Ẹlòmíì sọ pé ẹyin adìyẹ tó ń jẹ̀ ní gọ́tà kò hàláálì. Ṣé ohun tí mò ń ṣe tọ́? Ṣé sàká, ìyẹn ọrẹ ọ̀ranyàn, wà lórí rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Wa alaekumu salaam, ìyá wa. Ẹyin hàláálì ni, òwò rẹ̀ hàláálì, láàdá sì wà nínú fífi tọrẹ. Ìyẹn ò lẹ́jọ́ nínú. Ohun tó kọ mí lóminú ni bí ẹ ṣe ń pín in: tuntun fún ẹni tó lówó lọ́wọ́, ògbólógbòó fún ọmọ kéwú.

Ọlọ́hun pàṣẹ nínú Súrà Bàkọ́rà, áyà 267, pé kí àwọn onígbàgbọ́ òdodo ná nínú ohun dáadáa tí wọ́n rí, kí wọ́n má sì ṣa èyí tí kò dáa jọ fún ọrẹ, irú èyí tí àwọn fúnra wọn ò ní gbà àfi tí wọ́n bá dijú. Al-Bara ọmọ Azib, ọ̀kan nínú àwọn sàábé (àwọn tó bá Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun rìn), sọ ohun tó fà á. Àwọn tó ní oko dàbínù ní Mọ̀dínà a máa so ṣírí dàbínù kọ́ sí mọ́sáláṣí kí aláìní lè já jẹ, àwọn kan wá ń kó èyí tó ti bàjẹ́ wá. Ọ̀rọ̀ wọn àti ọ̀rọ̀ yín jọra gan-an.

Nítorí náà, ẹ yọ ti sàráà kí ẹ tó yọ ti ọjà. Bí ẹ bá kó ẹyin mẹ́fà láàárọ̀, inú mẹ́fà yẹn ni kí ọ̀kan tàbí méjì ti jáde fáwọn ọmọ náà. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí ẹ fún wọn ní méjì tó dáa lọ́sẹ̀ ju kí ẹ gbé odidi kíréètì ọgbọ̀n ẹyin tó ti pẹ́ fún wọn lóṣù. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ fáwọn obìnrin mùsùlùmí pé kí ẹnikẹ́ni má fojú kéré ẹ̀bùn tó ń fún aládùúgbò rẹ̀, kódà kó jẹ́ pátákò àgùntàn. Kìrìsìtẹ́nì tó wà ní yàrá kejì náà ní ẹ̀tọ́ aládùúgbò lára yín, ẹ fún un.

Èyí tó sán ńkọ́? Bí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ abẹ́ èèpo ò bá ya, ẹ sè é lọ́jọ́ náà gan-an títí funfun àti pupa rẹ̀ á fi le, kí ẹ jẹ ẹ́. Ẹ lè fi tọrẹ ní sísè, bí ẹ bá ti sọ fún ẹni tó gbà á. Èyí tó ti ń jò, ẹ dà á nù. Kòkòrò àìsàn ti ráàyè wọlé, àwọn ọmọdé ni ìgbẹ́ gbuuru rẹ̀ sì máa ń ṣe lọ́ṣẹ́ jù.

Ní ti títà, ẹ rántí ọlọ́jà tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ti ọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ rẹ̀, tí ìka rẹ̀ kan ibi tó tutù nísàlẹ̀. Ọlọ́jà ní òjò ló pa á. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun bi í pé kí ló dé tí kò kó o sókè káwọn èèyàn lè rí i, ó sì ní ẹni tó bá rẹ́ni jẹ kò sí lára òun. Inú ni àbùkù ẹyin máa ń wà, ṣùgbọ́n ìyẹn ò yọ ẹni tó ń tà á sílẹ̀. Nínú mọ́sábù Màlíkì, ìyẹn ìlànà òfin ẹ̀sìn tí à ń tẹ̀ lé, bí kòkòrò bá ti jẹ inú igi tí a tà, tí ẹnikẹ́ni ò lè mọ̀ àfi tí a bá là á, oníbàárà ò lè dá a padà. Ti ẹyin yàtọ̀. Wọ́n ní a óò dá a padà, torí a lè mọ èyí tó ti bàjẹ́ kí a tó fọ́ ọ. Ẹni tó bá wá bá yín pé òun fọ́ ẹyin yín, òun bá ọ̀bu nínú rẹ̀, ẹ dá owó rẹ̀ padà.

Ẹ̀yin tí àkùkọ wà nílé yín ní láti ṣọ́ra jù, torí ẹyin yín lè ní ọmọ nínú. Ooru Èkó nìkan, tó sábà máa ń tó nǹkan bí 30 lórí ìwọ̀n Celsius, ti tó láti mú kó bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, bí àgbébọ̀ ò tiẹ̀ tíì sàba lé e. Ẹ máa kó ẹyin lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ sí i lára. Ẹ má fi omi tútù fọ̀ ọ́. Ihò wínníwínní wà lára èèpo, ohun kan tí ojú ò rí ló dí wọn. Omi á bó o kúrò, omi tútù á sì fa ìdọ̀tí wọnú. Aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ fi nu ún, kí ẹ kó o jókòó pẹ̀lú orí ṣóńṣó nísàlẹ̀. Bí iná bá ń lọ tó ń bọ̀, ẹ má kó o sí fíríìjì, nítorí èèpo á máa làágùn. Ibi tó tutù nínú ilé dáa jù, kí ẹ tà á tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Èyí tí ẹ bá bá nínú igbó tàbí lábẹ́ pákó, tí ẹ ò mọ ọjọ́ rẹ̀, ẹ fi sínú abọ́ omi. Èyí tó sùn sílẹ̀ ṣì tuntun. Èyí tó dìde nàró ti pẹ́ díẹ̀, ẹ sọ fún oníbàárà, kí ẹ dín owó rẹ̀ kù. Èyí tó léfòó, kò yẹ fún títà, kò yẹ fún sàráà. Lẹ́yìn náà, ẹ kó àwọn tí kò léfòó wọ yàrá tó ṣókùnkùn, kí ẹ gbé ìdí wọn tó fẹ̀ lé tọ́ọ̀ṣì lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí iṣan pupa tó nà bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn, ọmọ ti wà níbẹ̀. Ọmọ tó kú sínú ẹyin, òkúǹbete ni, harámù ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó kán sára pupa ẹyin tuntun kì í ṣe irú èyí. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn ni Àlùkùránì kà léèwọ̀ ní Súrà Anham, áyà 145. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ jẹ ìyókù.

Owó oṣù tí ẹnì kan fẹ́ san sílẹ̀ ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹ̀sìn fàyè gba sísan owó ọjà ṣáájú. Ibn Abbas, tó jẹ́ sàábé, ló gbà á wá pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun bá àwọn ará Mọ̀dínà tí wọ́n ń san owó èso ọdún kan àti méjì sílẹ̀, ó sì ní kó jẹ́ lórí òṣùwọ̀n tí a mọ̀, ìwọ̀n tí a mọ̀ àti ọjọ́ tí a mọ̀. Àmọ́ a kì í so ó mọ́ àgbébọ̀ mẹ́jọ yìí. Ẹyin tó wà nínú wọn kò tíì sí, àgbébọ̀ kì í sì í yé lójoojúmọ́: ó lè sàba fún ọjọ́ 21, ó lè máa pa ìyẹ́ dà, àìsàn lè pa gbogbo wọn lọ́sẹ̀ kan. Ẹ yan ọ̀kan nínú méjì. Bóyá kí ẹ ní “bí mo bá rí, màá gbé e wá,” kí ó sanwó nígbà tí ẹyin bá dé ọwọ́ rẹ̀. Tàbí kí ó san gbogbo owó lójú ẹsẹ̀, kí ẹ jọ fẹnu kò lórí iye ẹyin, irú rẹ̀, bó ṣe tóbi tó àti ọjọ́ tí yóò gbà á, láìdárúkọ adìyẹ kankan. Lọ́jọ́ náà, bí adìyẹ yín ò bá yé, ẹ ra irú rẹ̀ lọ́jà fún un.

Ti gọ́tà: Abu Musa al-Ashari, sàábé mìíràn, ń jẹ adìyẹ lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan fà sẹ́yìn torí ó ti rí i tó ń jẹ ìdọ̀tí. Abu Musa ní kó wá jẹ, òun rí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun tó jẹ adìyẹ. Adìyẹ tó kàn ń ṣa kòkòrò káàkiri kò sí lábẹ́ èèwọ̀. Ẹran tí ẹ̀gbin jẹ́ olórí oúnjẹ rẹ̀ ni hádíìsì (ọ̀rọ̀ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun) kọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn Màlíkì gbà á láàyè. Ibn Umar, tí òun náà jẹ́ sàábé, a máa sé irú adìyẹ bẹ́ẹ̀ mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí gọ́tà àdúgbò yín bá ń gba omi ṣálángá, ẹ sé wọn mọ́lé bẹ́ẹ̀, kí ẹ fún wọn ní àgbàdo àti omi mímọ́. Oògùn tí ẹ bá fún wọn ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ. Ẹ wo iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ pé a ò gbọ́dọ̀ jẹ ẹyin, kí ẹ da ẹyin ọjọ́ wọ̀nyẹn nù.

Sàká ò sí lórí adìyẹ tí a ń sìn nítorí ẹyin rẹ̀. Ràkúnmí, màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́ ni sàká ẹran wà fún. Àmọ́ bí owó ẹyin, pẹ̀lú owó mìíràn tí ẹ tọ́jú, bá tó iye wúrà gíráàmù 85, tí ọdún òṣùpá kan sì yí lé e lórí, ẹ yọ ìdá kan nínú ogójì. Ẹyin tí ẹ ti ń fáwọn ọmọ kéwú láti ọjọ́ yìí, sàráà ni, ẹ má kà á mọ́ sàká yẹn. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.