Ẹ̀rọ gáàsì tí kò láriwo: ẹ jẹ́ ká wo inú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹja inú fíríìsà ni mò ń tà l'Ókè-Ajé, n'Íjẹ̀bú-Òde níbí, owó epo jẹnẹrétọ̀ sì ti fẹ́ jẹ èrè mi tán. Ọmọkùnrin kan wá bá mi, ó ní òun ń kó ẹ̀rọ kan bọ̀ láti òkè òkun, fuel cell ni wọ́n ń pè é. Gáàsì ìdáná lásán ló ń lò, kò pariwo, kò léèéfín. Ó ní perovskite ló wà nínú rẹ̀, kò nílò platinum olówó gọbọi, àti pé kì í bàjẹ́ láéláé. Ó fẹ́ kí n san ìdajì owó sílẹ̀. Ọmọ mi tó ń ka kẹ́místírì l'Ágó-Ìwòyè ní sólà ni òun gbọ́ pé wọ́n ń fi perovskite ṣe, òun náà sì fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Èwo ni ká gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ọjà o, ọjà á tà. Ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Ọmọkùnrin yẹn kò parọ́ tán, àmọ́ ohun tí kò sọ fún yín ló lè gbé owó yín mì.

Ẹ̀rọ náà wà lóòótọ́. Láti 2009 ni wọ́n ti ń ta fuel cell fún àwọn onílé ní Jàpáàn, Ene-Farm ni wọ́n ń pè é. Jẹnẹrétọ̀ a máa dáná sun epo kí ẹ́ńjìnnì tó yí, ooru àti ariwo ló sì ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí ẹ ń san. Fuel cell kì í dáná. Ẹ̀gbẹ́ méjì ló ní, amọ̀ àfinásun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló pín wọn níyà. Atẹ́gùn ń wọ ẹ̀gbẹ́ kan, gáàsì ń wọ ìkejì. Ọ́síjìn inú atẹ́gùn á gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù (èérún tín-ín-tín tó ń gbé iná), á gba inú amọ̀ yẹn kọjá lọ bá gáàsì, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù náà á sì gba ojú wáyà jáde. Iná nìyẹn. Èyí tó dára lè sọ ìdá 50 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún agbára inú gáàsì di iná. Jẹnẹrétọ̀ kékeré, bó bá rí 25 ṣe, ó gbìyànjú.

Ẹ̀gbẹ́ atẹ́gùn ni wàhálà wà. Ọ́síjìn méjì ló máa ń dì mọ́ra wọn, wọn kì í sì í fẹ́ tú ká. Ohun kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí yóò mú iṣẹ́ yá, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì ní jó tán. Ibẹ̀ ni perovskite ti wọlé. Òkúta láti òkè Ural ní Rọ́ṣíà, tí Gustav Rose ará Jámánì ṣàlàyé ní 1839, ló kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ yẹn. Lónìí, ohunkóhun tí èròjà inú rẹ̀ bá tò bíi ti òkúta yẹn ń jẹ́ ẹ. Nínú ti fuel cell, irin ńlá kan ni, irin kékeré kan, ọ́síjìn mẹ́ta.

Ẹ wo èyí tí wọ́n ti ń lò tipẹ́, ti lanthanum (irin ńlá) àti manganese (irin kékeré). Bó ṣe wà lásán, kò já mọ́ nǹkan púpọ̀. Wọ́n á wá yọ díẹ̀ nínú lanthanum, wọ́n á fi irin mìíràn, strontium, dí i. Lanthanum a máa fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 3 sílẹ̀, strontium ò ní ju 2 lọ. Owó kò pé mọ́, ẹnìkan gbọ́dọ̀ san ìyókù. Níbí, manganese fúnra rẹ̀ ló ń san án, iná á sì máa rìn dáadáa nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ́síjìn kò rí ọ̀nà gbà. Etí ibi tí atẹ́gùn, perovskite àti amọ̀ ti pàdé nìkan ni iṣẹ́ ti ń lọ. Bí wọ́n bá fi cobalt àti irin lásán (iron) dípò manganese, ọ̀tọ̀ ni: ọ́síjìn díẹ̀ á kúrò nípò rẹ̀, á fi àlàfo sílẹ̀. Àlàfo yẹn gan-an ni wọ́n ń wá. Ẹ rántí abẹ́ àtíbàbà lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Bí gbogbo àga bá kún, kò sẹ́ni tó lè sún. Bí mélòó kan bá ṣófo, ẹni ẹ̀yìn á sún síwájú, àga tirẹ̀ á ṣófo fún ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ́síjìn ṣe ń sún láti àlàfo dé àlàfo, tí gbogbo ara perovskite á fi di ibi iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ti manganese fi ń fẹ́ ooru 800 sí 1000 Celsius, tí ti cobalt àti irin sì lè ṣiṣẹ́ láàárín 600 sí 800. Ọ̀rọ̀ platinum, ọmọkùnrin yẹn jàre: nínú ooru bẹ́ẹ̀, kò pọn dandan.

“Kì í bàjẹ́” ni n kò lè gbà. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, strontium yẹn á máa yọ jáde sí ojú, á bo ibi iṣẹ́. Chromium inú irin tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ náà á máa fẹ́ bí oru, á lọ bà lé e. Wákàtí 40,000 ni ọ̀pọ̀ olùṣe ń lépa, ìyẹn nǹkan bí ọdún 4 ààbọ̀ bí ẹ̀rọ kò bá sinmi. Ó sì dára kó má sinmi, torí ó lè gba wákàtí mélòó kan kó tó gbóná dé ibi tó yẹ, bó bá sì ń gbóná tó ń tutù lemọ́lemọ́, àwọn amọ̀ inú rẹ̀ kì í sunkì bákan náà, wọ́n lè sán. Ẹ̀rọ tí èèyàn ń tàn nígbà tí NEPA bá mú iná lọ kọ́ nìyí.

Gáàsì wá ńkọ́? Òórùn tí ẹ máa ń gbọ́ bí sìlíńdà bá ń jò, wọ́n fi kún un ni, ká lè tètè fura. Imí-ọjọ́ wà nínú ohun tó ń rùn náà. Nickel ló wà ní ẹ̀gbẹ́ gáàsì nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí, imí-ọjọ́ tí kò ju ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù lọ sì tó láti sọ nickel di ọ̀lẹ. Gáàsì ìdáná tún lè fi ẹ̀dú dúdú bo ojú nickel. Ní 2003, àwọn olùwádìí Tao àti Irvine ní Scotland fi perovskite mìíràn, tó ní chromium àti manganese, sí ẹ̀gbẹ́ yìí, èyí sì ń fara da ẹ̀dú dáadáa. Ṣùgbọ́n nickel ló ṣì wọ́pọ̀ lọ́jà. Nítorí náà, asẹ́ imí-ọjọ́ gbọ́dọ̀ wà lára ẹ̀rọ náà, a sì gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ bi í léèrè ẹni tí yóò máa tà á fún yín n'Íjẹ̀bú-Òde.

Ẹ tún bi í pé wáàtì mélòó. Ti inú ilé ní Jàpáàn tí wọ́n fi amọ̀ ṣe kò ju 700 wáàtì lọ. Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ tó bá jẹ́ agbára ẹṣin kan péré ti ju ìyẹn lọ, nígbà tó bá sì ń tàn, ìlọ́po mélòó kan ló ń fà lẹ́ẹ̀kan náà. Fuel cell kì í fò sókè bẹ́ẹ̀, àfi kí bátìrì ràn án lọ́wọ́. Bó bá dá a lójú, kó gbé e wá, kó so ó mọ́ fíríìsà yín, kó fi í sílẹ̀ mọ́jú kí owó tó jáde. Bó bá jẹ́ èmi ni, sólà ni màá ra, màá mú kí ògiri fíríìsà nípọn, màá sì jẹ́ kí ẹja dì gbagidi lọ́sàn-án kó lè fi òtútù ara rẹ̀ mọ́jú.

Ọmọ yín náà kò ṣìnà. Perovskite ti sólà, tí olùwádìí Miyasaka fi ṣe iná ní Jàpáàn ní 2009, òjé àti iodine ló wà nínú rẹ̀, omi sì tètè ń bà á jẹ́. Ìtò wọn nìkan ló bára mu. Silicon ni èyí tí wọ́n ń tà fún wa lọ́jà ní gbogbogbòò.

Fún iṣẹ́ àṣekágbá, kò nílò ooru 800 láti dán an wò. Ní 2011, àwọn olùwádìí ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà fi perovskite oní-barium, strontium, cobalt àti irin tú ọ́síjìn jáde láti inú omi alkali, láìlo ooru. Láti ṣe perovskite náà, kó lo nitrate àwọn irin náà àti citric acid, kó gbẹ ẹ́ di gẹ́ẹ̀lì, kó sun ún, kó sì gbé lúbúlúbú rẹ̀ sínú fọ́nẹ́ẹ̀sì. Kó má ṣe é nínú ilé ìdáná yín o. Gẹ́ẹ̀lì yẹn máa ń gbiná lójijì, èéfín pupa rúsúrúsú tó ń bá a jáde sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Abẹ́ àpótí afèéfín láàbù ni kó ti ṣe é, kó má sì ṣe púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan.