Processor i7-2600 àbí i5-3470? Kọ́kọ́ wo motherboard rẹ ná

Àbúrò mi, o ní kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí wọ́n tú kúrò ní ọ́fíìsì òyìnbó lo ní, processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) i3-2100 ló wà nínú rẹ̀, o sì fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ torí fídíò ìgbéyàwó tí ò ń edit. Ọlọ́jà gbé i7-2600 àti i5-3470 síwájú rẹ, o wá ń bi wá pé èwo ló yá jù. i7-2600 ni. Ṣùgbọ́n má tíì sanwó, kọ́kọ́ wo motherboard rẹ, ìyẹn pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà tí gbogbo nǹkan so mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìyára ò gùn. Ọdún 2011 ni Intel gbé 2600 jáde, 3470 tẹ̀lé e ní 2012. Core (apá tó ń ṣe iṣẹ́ nínú processor) mẹ́rin-mẹ́rin ni àwọn méjèèjì ní, àmọ́ Hyper-Threading, tó ń jẹ́ kí core kan mú iṣẹ́ (thread) méjì lọ pọ̀, wà nínú 2600, ìyẹn ló fi ń rí thread mẹ́jọ lò níbi tí 3470 ti ní mẹ́rin péré. 3.4 GHz ni ìyára 2600, ó lè sáré dé 3.8, ti 3470 jẹ́ 3.2, ó lè dé 3.6. Cache (ìrántí kékeré inú processor) ti 2600 jẹ́ 8 MB, ti 3470 jẹ́ 6 MB. Òótọ́ ni pé 3470 jẹ́ ìran tuntun, GHz kan náà máa ń ṣe iṣẹ́ díẹ̀ sí i lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ yẹn ò tó fi lé 2600 bá nígbà tó o bá ń render, ìyẹn nígbà tí kọ̀ǹpútà ń sọ ohun tó o edit di fídíò tó parí. Tó bá jẹ́ Word àti YouTube lásán ni, o ò ní mọ èyí tó wà nínú rẹ̀.

Ibi tí owó mi ti ṣòfò rèé. Socket (ojú ibi tí wọ́n ń fi processor sí lórí motherboard) kan náà, LGA1155, ni àwọn méjèèjì ń jókòó sí. Gbogbo ẹni tó ń tà á ló máa sọ fún ẹ pé "1155 ni, á wọlé." Á wọlé lóòótọ́, ó kàn lè má tàn ni. Mo ra 3470 sínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì bíi tìrẹ gan-an. Mo tẹ bọ́tìnnì, fáànù ń yí, iná iwájú ń tàn, ojú monitor ṣókùnkùn biribiri. Mo gbé e lọ bá ọ̀gbẹ́ni kan tó ń pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà. Ó ní RAM ló dọ̀tí. Ó mú rọ́bà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń pa pẹ́ńsùlù rẹ́, ó ń fi ha ẹsẹ̀ RAM, ó ń fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i. Kò tàn. Ó ní power supply ni kò gbé e, ó ta òmíràn fún mi. Kò tàn. Ó wá mi orí, ó ní motherboard ti kú, pé òun ní òmíràn nílé. Mo ní kó dá processor àtijọ́ padà sínú rẹ̀ ká fi wò ó ná. Ojú rẹ̀ korò, àfi bíi pé mo bú bàbá rẹ̀. Ó dá a padà tìbínú-tìbínú, motherboard tó ti kú sì tàn! Ó tún gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ mi o. Mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà náà, wọ́n ní kí n lọ bá ẹni tó tà á fún mi. Ẹni tó ta processor fún mi ní òun kì í gba ọjà padà.

Chipset, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré orí motherboard tó ń so processor pọ̀ mọ́ àwọn nǹkan yòókù, ni ẹnikẹ́ni nínú wọn ò wò. Q65 ni tèmi. Q65, Q67 àti B65 kì í gba Ivy Bridge, ìyẹn ìran tí 3470 ti wá, bó o tilẹ̀ fi BIOS (ètò inú motherboard tó ń jí kọ̀ǹpútà) tuntun sí i. Bẹ́ẹ̀, Q65 àti Q67 ni Intel ṣe fún kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ayé ìgbà yẹn, irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ń kó wá fún wa ní tòkunbọ̀. Ìdí nìyẹn tí àyà mi fi já nígbà tí mo ka ìbéèrè rẹ.

Fi CPU-Z, ètò kan tó ń sọ ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà, sí i, ṣí Mainboard, ka ohun tó wà níwájú Southbridge. Tó bá jẹ́ Q65, Q67 tàbí B65, 2600 nìkan ni kó o rà. Tó bá jẹ́ H61, H67, P67 tàbí Z68, 3470 lè ṣiṣẹ́ tí ẹni tó ṣe motherboard náà bá ti gbé BIOS tó mọ 3470 jáde, i3 yẹn sì gbọ́dọ̀ ṣì wà níbẹ̀ nígbà tó o bá ń fi BIOS sí i. Má sì gbẹ́kẹ̀ lé iná NEPA lásán fún un, torí tí iná bá lọ láàárín, motherboard lè kú, ó máa wá kú lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Tó bá jẹ́ B75, H77, Q77 tàbí Z77, ra èyí tó bá wù ẹ́ nínú processor méjèèjì.

Ka lẹ́tà tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà. 2600S kì í ṣe 2600, 2.8 GHz ló ti ń bẹ̀rẹ̀. 3470T tún burú jù, core méjì péré ló ní! Àwọn ọlọ́jà mìíràn á máa fi àtàǹpàkò bo lẹ́tà yẹn bí wọ́n bá ń fi hàn ẹ́.

Wattì 65 ni i3 rẹ, 95 ni 2600, 77 ni 3470. Tí kọ̀ǹpútà rẹ bá jẹ́ èyí pẹlẹbẹ, wo fáànù rẹ̀ dáadáa, kó o sì ro ti inverter rẹ mọ́ ọn. Yíyọ àti fífi rẹ̀ ò le, o mọ̀ ọ́n, paste tuntun (ti ooru, láàárín processor àti fáànù), kó o dè é pa. Ṣá rọra pẹ̀lú àwọn irin tín-ín-tìn-ìn-tín inú socket.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé fídíò lo ní o ń ṣe. Graphics inú 2600, HD 2000, kò mọ DirectX 11, ohun tí àwọn ètò fi ń bá graphics ṣiṣẹ́. HD 2500 inú 3470 mọ̀ ọ́n. Àwọn ètò edit mìíràn lè kọ̀ láti ṣí lórí 2600 tí o ò bá ra graphics card kún un. RAM 4 GB náà ò lè gbé iṣẹ́ yẹn, processor yòówù kó o fi síbẹ̀.

Ẹni tó bá sì sọ fún ẹ pé ọ̀kan nínú wọn máa gbé Windows 11 bó ṣe yẹ, irọ́ ló ń pa. Méjèèjì ò sí lórí àkójọ tí Microsoft fọwọ́ sí, àtìlẹ́yìn Microsoft fún Windows 10 náà sì ti parí ní October 2025. Ní kí ọlọ́jà fi processor náà sínú kọ̀ǹpútà tìrẹ kó tàn lójú rẹ, kì í ṣe sínú tirẹ̀. Tó bá kọ̀, kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.