Ìròyìn ajẹ́lẹ̀ kì í ṣe ìdájọ́ kóòtù

ÌBÉÈRÈ: Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́. Ìtòsí Ìkòlé-Èkìtì ni ìdílé wa wà. Bàbá bàbá mi máa ń sọ pé àwọn jàre nínú ẹjọ́ ilẹ̀ oko kan láyé òyìnbó. Mo wá ẹjọ́ náà lórí Google títí, n kò rí i. Ọmọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà wá fi ìwé kan hàn mí tí òyìnbó kọ lẹ́yìn ọdún 1930, ó ní ìdájọ́ wa gan-an nìyẹn. Ó ní òun á tẹ̀ ẹ́ jáde, òun á sì bá mi gba òǹtẹ̀ kóòtù sí i, kí n ṣáà mówó wá. Ìkànnì wo ni mo ti lè rí irú rẹ̀ fúnra mi? Ṣé a lè gbé e lọ sí kóòtù?

ÌDÁHÙN: Ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Ẹni tó ní òun ń ti ṣọ́ọ̀bù gba òǹtẹ̀ kóòtù sí ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wọ̀n ló ń fi orí ara rẹ̀ wá. Ẹ má bá a pín nínú rẹ̀.

Ìkànnì lẹ béèrè, màá dárúkọ díẹ̀ tó bá yá. Ṣùgbọ́n bí ìwé yẹn bá jẹ́ ohun tí mo rò pé ó jẹ́, ìyẹn ìròyìn ajẹ́lẹ̀, òyìnbó tó ń ṣojú ìjọba ní agbègbè, kì í ṣe ìdájọ́ rárá. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Àwọn èèyàn á gbé irú rẹ̀ wọ ọ́fíìsì mi l'Adó, wọ́n á ti fi ọ̀rá dì í, wọ́n á ti fi bírò pupa fàlà sábẹ́ orúkọ baba ńlá wọn, wọ́n á ní, "Lọ́yà, òyìnbó ti parí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́." Òyìnbó ò parí ohunkóhun níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ogun tí àwọn obìnrin ìlà-oòrùn gbé dìde ní 1929 nítorí owó orí ta ìjọba òyìnbó jí. Wọ́n rí i pé àwọn ò mọ àwọn tí àwọn ń ṣèjọba lé lórí dáadáa. Ní àwọn ọdún 1930 ni wọ́n wá rán àwọn ajẹ́lẹ̀ àti igbákejì wọn káàkiri, títí kan ilẹ̀ Èkìtì, kí wọ́n lọ kọ ohun tí wọ́n pè ní Intelligence Report. Ajẹ́lẹ̀ á jókòó, ọba àti ìjòyè á máa sọ ìtàn, ògbufọ̀ á máa túmọ̀, òun á máa kọ. Kò sẹ́ni tó búra. Kò sẹ́ni tó fi ìbéèrè wá ẹnu ẹlẹ́rìí wò. Ìdílé tí ẹ ń bá du ilẹ̀ lè máà mọ̀ pé òyìnbó wá lọ́jọ́ náà. Ẹni tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ ni ìtàn rẹ̀ wọ ìwé. Ajẹ́lẹ̀ á wá fi àbá tirẹ̀ sí ìparí, lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n to ìjòyè, owó orí àti kóòtù ìbílẹ̀, á sì fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ ní Àkúrẹ́, torí abẹ́ Ẹkùn Ońdó ni Èkìtì wà nígbà náà.

Ẹ wo òkè ojú ìwé àkọ́kọ́. Bí ẹ bá rí C.S.O. 26 níbẹ̀ tí òǹkà mìíràn tẹ̀ lé e, nọ́ńbà fáìlì ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà ìjọba nìyẹn, kì í ṣe nọ́ńbà ẹjọ́. Ìdájọ́ ní orúkọ kóòtù lórí, orúkọ olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́, ọjọ́, àwọn tó jókòó dá ẹjọ́, àti àṣẹ tí wọ́n pa: ta ló ni ín, láti ibo dé ibo. Bí ohun tó wà lọ́wọ́ yín bá jẹ́ ìtàn bí ìlú ṣe tẹ̀dó, iye ọkùnrin tó ń san owó orí àti orúkọ àwọn àdúgbò, ìròyìn ni.

Mi ò ní kò wúlò o. Abala 66 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 gbà kí ìdílé fi ẹnu sọ ìtàn ilẹ̀ wọn ní kóòtù, irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ sì lè ti ìtàn náà lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, kóòtù ìkẹyìn fún àwọn ilẹ̀ tí òyìnbó ń ṣàkóso nígbà náà, ti sọ ọ́ láti 1957, nínú ẹjọ́ Kojo II àti Bonsie tó wá láti Ghana: bí ìtàn méjì bá forí gbárí, kí adájọ́ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ yìí, kó mọ èyí tó ṣeé gbà gbọ́ jù. Ta ló ń dá oko níbẹ̀? Ta ló gbin kòkó, ta ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀? Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní 1976, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ka ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló nilẹ̀. Ìròyìn ajẹ́lẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan níbẹ̀.

Ohun kan tún wà. Ẹ ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ẹ tó fi yangàn. Ojú ìwé tó pe baba ńlá yín ní ọdẹ àkọ́kọ́ lè ní ìkejì tó ní ẹlòmíràn ló fún un nílẹ̀ tó fi dó. Lọ́yà wọn á kà á dé ibẹ̀.

Ó wá ku ìdájọ́ gan-an. Bí kóòtù ìbílẹ̀ ló dá ẹjọ́ náà, inú ìwé ńlá tí akọ̀wé fi ọwọ́ kọ ló máa wà. Ẹ má retí rẹ̀ lórí Google. Ẹ gba Ìbàdàn lọ, National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ béèrè fún àwọn fáìlì Ekiti Div (ti Ekiti Division) àti Ondo Prof (ti Ẹkùn Ońdó). Ẹ má mú orúkọ bàbá bàbá yín nìkan lọ. Olórí ẹbí ìgbà náà ni wọ́n sábà máa ń fi orúkọ rẹ̀ pẹjọ́. Ẹ sì mọ̀ pé àwọn akọ̀wé ayé ìgbà yẹn máa ń kọ orúkọ ìlú bó ṣe wù wọ́n. Ikerre ni wọ́n kọ Ìkẹ́rẹ́. Bó bá jẹ́ ilé ẹjọ́ gíga ni, October 1, 1996 ni Èkìtì kúrò lára Ońdó, nítorí náà ẹ̀ka àkọsílẹ̀ kóòtù ní Àkúrẹ́ lè kàn yín.

Ní ti ìkànnì: BAILII ní ọ̀pọ̀ ìdájọ́ Privy Council, ọ̀fẹ́ ni, ẹjọ́ Amodu Tijani ti 1921 lórí ilẹ̀ Èkó wà níbẹ̀. NigeriaLII ní ìdájọ́ tiwa, gazettes.africa ní ìwé ìkéde ìjọba àtijọ́. Ilé àkójọ ìwé ìjọba Ìlú Ọba tó wà ní Kew gbé kátálọ́ọ̀gì rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. CO 583 ni nọ́ńbà ọ̀wọ́ fáìlì ti Nàìjíríà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àkọlé fáìlì lẹ máa rí jù, kì í ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ má bi àwọn ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè yìí léèrè ẹjọ́. Ní New York, ní 2023, kóòtù bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là fún àwọn lọ́yà tó kó ẹjọ́ tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ hun wá síwájú adájọ́.

Ohunkóhun tí ẹ bá rí lórí ìkànnì, ojú ọ̀nà ló wúlò fún. Ẹ̀dà tí kóòtù máa gbà ni èyí tí òṣìṣẹ́ tí ìwé náà wà níkàáwọ́ rẹ̀ fi ọwọ́ sí. Abala 104 nínú Òfin Ẹ̀rí yẹn ló wí bẹ́ẹ̀: ẹ san owó tí òfin là sílẹ̀, kó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ẹ̀dà òtítọ́ ni, kó kọ ọjọ́, orúkọ àti ipò rẹ̀, kó sì lu òǹtẹ̀ bí òfin bá fún un láṣẹ òǹtẹ̀. Kódà bí ẹ bá rí ìdájọ́ náà, ẹ ṣì ní láti fi hàn pé ilẹ̀ kan náà ni, àti pé ẹ̀yin àti àwọn tí ẹ ń bá jà jẹ́ ìran àwọn tó ṣẹjọ́ nígbà náà.

Mi ò tíì fojú rí ìwé yín, ẹ má fi ohun tí mo kọ yìí ṣe ìmọ̀ràn lórí ẹjọ́ yín. Bí ẹnìkejì bá sì ti ń gé ilẹ̀ náà ní pulọ́ọ̀tì tà, ẹ wá lọ́yà lọ́sẹ̀ yìí ná. Ti Ìbàdàn lè dúró.