Ẹ̀pà há ọmọ mi ọdún 2 lọ́fun, ó húkọ́ títí ó wá dákẹ́, ṣé ká ṣì lọ ọsibítù?

Màmá, ẹ gbé e lọ o, kódà tó bá ti ń ṣeré, torí ẹ̀pà yẹn lè ti wọ ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ jókòó, ikọ́ àti ibà á wá tẹ̀lé e, ẹ ó máa rò pé òtútù ni. Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ̀pà ni, àwòrán X-ray kì í sábà fi ẹ̀pà hàn. Tó bá tún há a tí ò lè mí tàbí sunkún, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú kẹ́ ẹ gbá a láàárín èjìká lẹ́ẹ̀ 5, tí ò bá jáde ẹ tẹ òkè ìdodo ẹ̀ wọnú sókè lẹ́ẹ̀ 5 (ọmọ tí ò tíì pé ọdún 1, àyà ni o, kì í ṣe ikùn). Ẹ má ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ̀pà yíyan tá à ń fún ọmọ kéékèèké l'Ájàṣẹ́ níbí, ẹ jọ̀ọ́, ká dá a dúró.