Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín: Ẹ̀fọ́ Tó Lalẹ̀ Hù Lẹ́yìn Ilé, Ṣé Ó Ṣeé Jẹ?

Ìbéèrè: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni gbúre, ẹ̀bòlò àti tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún ti hù bo ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná wa ní Sùúrùlérè. Ìyá ọkọ mi tó wá kí wa láti Iléṣà ń já wọn sè, àwọn ọmọ sì ń jẹ ẹ́ dáadáa. Aládùúgbò wa kan ní èpò lásán ni, pé ó lè pa èèyàn. Onílé wa náà sì máa ń mú ẹni tó ń fín oògùn apakoríko wá. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá Ìbejì, Èkó.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ilé, Ìyá Ìbejì. Ẹ bá wa kí màmá, nítorí wọn kò ṣi ewé mú. Ẹ̀fọ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tó ń kọ wá lóminú ni ilẹ̀ tí wọ́n hù sí.

Oògùn apakoríko ló le jù. Ibi tí wọ́n bá ti fín in, ẹ má ṣe já ewé kankan níbẹ̀ mọ́, ìbáà tutù yọ̀yọ̀, nítorí pé òmíràn nínú oògùn wọ̀nyí a máa gba inú ewé lọ dé gbòǹgbò ní ọjọ́ mélòó kan kí koríko tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, fífọ̀ kò sì lè yọ ọ́. Ẹ bi onílé ní orúkọ èyí tí wọ́n ń lò. Bó bá jẹ́ paraquat, ẹ sọ fún wọn pé àjọ NAFDAC ti fòfin dè é láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ tí èèyàn bá gbé mì lè ṣekú pa á, kò sì sí oògùn tó ń ṣẹ́gun rẹ̀ nínú ara.

Òjé ló tẹ̀ lé e. Bí ilé yín bá wà lẹ́bàá títì ńlá, tàbí tí mọkáníìkì tàbí ẹni tó ń tún bátìrì ọkọ̀ ṣe bá ti lo ilẹ̀ náà rí, ẹ má jẹ ohun tó hù níbẹ̀. Ó ti tó nǹkan bí 20 ọdún tí wọ́n ti yọ òjé kúrò nínú bẹntiróòlù tí à ń rà ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n òjé kì í jẹrà, ó ṣì wà nínú erùpẹ̀ níbi tó bọ́ sí, ọpọlọ ọmọdé ló sì máa ń bà jẹ́ jù. Etí gọ́tà àti ìdí sálàńgá kò yẹ fún ẹ̀fọ́ jíjá rárá.

Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ máa jẹ gbúre yín. Òun àti tẹ̀tẹ̀ ní èròjà oxalate, tó lè dá kún òkúta inú kíndìnrín fún ẹni tó ní irú àìsàn náà, nítorí náà ẹ bọ̀ wọ́n nínú omi gbígbóná kí ẹ sì da omi náà nù. Ọ̀mùnú tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún nìkan ni kí ẹ já, nítorí ẹ̀gún méjìméjì tó wà ní ìdí ewé rẹ̀. Imí eṣú tó sábà ń hù láàárín wọn, tí ewé rẹ̀ nírun, tí òdòdó rẹ̀ funfun tàbí kó jọ aró tó ṣá, kì í ṣe ẹ̀fọ́.

Ẹ̀bòlò ni mo fẹ́ kí màmá rọra ṣe. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn mọ́ ẹni tó fẹ́ràn òórùn rẹ̀ nínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ṣùgbọ́n èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ bí ó bá pọ̀ lára, bíbọ̀ kò sì mú gbogbo rẹ̀ kúrò. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni kí àgbàlagbà máa jẹ ẹ́, kí aboyún àti ọmọ ọwọ́ má jẹ ẹ́ rárá.

Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n sì ti ń fín oògùn sí àyíká yín, ẹ ra gbúre lọ́jà, ẹ já ewé rẹ̀ sè, kí ẹ sì ki àwọn igi rẹ̀ bọ inú àpò ìrẹsì tí ẹ bu erùpẹ̀ tó mọ́ kún. Kò ní pẹ́ ta gbòǹgbò. Ẹ gbé àpò náà síbi tí oògùn kò ti ní fẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì fi han ẹni tó ń fín in.