Orí tó ń mì kì í ṣe "mo gbà"

Àbúrò, o ní bí o bá ń bá ìyàwó rẹ sọ̀rọ̀, á máa mi orí sókè sísàlẹ̀, á máa dáhùn "hẹn, hẹn" títí wàá fi sọ tán. Tó bá wá di ọjọ́ kejì, á ní òun ò bá ọ fọwọ́ sí nǹkan kan. O bi wá pé ṣé irọ́ ló ń pa. Kò pa irọ́. Ó ti ṣe èmi náà rí, owó ńlá ló sì gbà lọ́wọ́ mi kó tó yé mi.

Ní 2011, mo fẹ́ fi owó alájẹṣẹ́kù tí àwa méjèèjì jọ dá ra ilẹ̀ kan lọ́nà Mọníyà, n'Ìbàdàn. Ìyàwó mi ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ lálẹ́ ọjọ́ tí mo sọ fún un. "Hẹn... hẹn." Bí mo ṣe dárúkọ iye owó, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀wà. Ó dìde, ó tú ìró rẹ̀, ó tún un ró, ó fún un le gan-an, ó padà sídìí atẹ. Gbogbo rẹ̀ ṣojú mi. N kò kà á sí, torí orí tó ń mì ni mo gbájú mọ́. Láàárín àwa ọkùnrin, ẹni tó bá mi orí ti gbà nìyẹn. Ẹni tí kò gbà á kàn dijú mọ́rí ni.

Mo sanwó. Nígbà tó gbọ́, ó ní, "Mo ń gbọ́ yín ni, Bàbá Ìbejì. N ò sọ pé mo gbà." Oṣù mẹ́rin gbáko ni kò bá mi sọ ju "ẹ káàárọ̀" àti "oúnjẹ ti wà lórí tábìlì" lọ. Ọmọ onílẹ̀ ò sì jẹ́ ká fi ilẹ̀ náà ṣe nǹkan kan.

Lọ wo obìnrin méjì nínú ọjà. Wọ́n á kọjú síra wọn, orí á máa mì, ọwọ́ ọ̀kan á wà lórí itan ìkejì. Àwa ọkùnrin a jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ara wa lórí bẹ́ǹṣì, a ń wo títì. Deborah Tannen, onímọ̀ èdè ará Amẹ́ríkà, kọ irú rẹ̀ ní 1990 nípa àwọn ọmọdé ọ̀dọ̀ wọn: àwọn ọmọbìnrin kọjú síra wọn, àwọn ọmọkùnrin ń wo ibòmíràn. Ìgbà tí mo kà á ni mo mọ̀ pé kì í ṣe ilé mi nìkan.

Tiwa tún ní ti ẹ̀kọ́ ilé nínú. Láti kékeré, lórí ìkúnlẹ̀, ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọbìnrin pé kì í tẹjú mọ́ àgbà. Nítorí náà, tó bá wolẹ̀, má yára sọ pé ó ti gbà. Ọwọ́ rẹ̀ ni kí o wò. Ẹnu tó bá fún pọ̀, ìró tó bá ń tún ró láìtú, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

Èmi náà jẹ̀bi lọ́nà mìíràn. Ó ní bí òun bá ń sọ̀rọ̀, orí mi kì í mì, òun rò pé n kò gbọ́ ni. Mo ti ń yí àga mi sí i báyìí.

Lóṣù tó kọjá, mo dá a lábàá pé ká ra jẹnẹrétọ̀. Ó mi orí. Mo ní, "Kí lo rí sí i?" Mo dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀, ó ní ó wọ́n jù. A ò rà á.