Àbúrò mi, àlàárì mi di píńkì

O ní Dìsẹ́ńbà ni ìdána rẹ ní Adó-Èkìtì níbí, o wá ń bèèrè pé ṣé kó o mú fotogíráfà tó máa ń to èèyàn dúró kó tó yà wọ́n ni, àbí ti documentary, èyí tó ń yà á bí nǹkan ṣe ń lọ. Jọ̀ọ́, ti documentary ni kó o mú. Èmi ò mú un ní 2019, ó ṣì ń dùn mí dòní.

Instagram ni mo ti rí tèmi. Gbogbo fọ́tò ẹ̀ ló funfun báláú, ojú ìyàwó ń dán bíi dígí, mo ní irú ẹ̀ gan-an ni mo fẹ́. Ó wá dọjọ́ ìdána, alága ìdúró ti kó ọkọ mi àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ wọlé, orin ń lọ, wọ́n fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fáwọn òbí mi, inú yàrá lọ́dọ̀ mi ni fotogíráfà wà tó ń to bàtà àti yẹtí sórí bẹ́ẹ̀dì, tó ní kí n gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀ sí i, kí n kọjú sí fèrèsé. Ìgbà tó fi máa jáde wọ́n ti dìde, wọ́n ti ń gbọn eruku ara aṣọ.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Yèyé, ìyá bàbá mi, tí wọ́n wá láti Ìkẹ́rẹ́, tí ẹsẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n máa jáde mọ́. Wọ́n fi ọ̀pá dìde, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé gèlè mi, wọ́n ń wúre, ni fotogíráfà bá ní ká dúró ná, kí màmá sún sẹ́yìn, iná ò dáa, ká tún un ṣe. Yèyé kàn wò ó, wọ́n lọ jókòó. Fọ́tò kan ṣoṣo tí mo ní níbẹ̀, fóònù ọmọ àǹtí mi ló yà á, ó rí bàìbàì, ìka Yèyé àti etí gèlè nìkan ló hàn.

Ti àwọ̀ ńkọ́? Àlàárì pupa fòò ni mo ró, álíbọ́ọ̀mù dé, ó ti di píńkì. Ọkọ mi tó dúdú dáadáa wá rí bí ẹni tí wọ́n da eérú lé lórí. Èdítì tó ń sọ fọ́tò di funfun yẹn máa ń fa pupa kúrò lára aṣọ àti lára àwọ̀ wa. Mo ní kó tún un ṣe, àmọ́ ó ti jẹ́ kí iná pọ̀ jù látìgbà tó ti ń yà á, ibi tó bá sì ti funfun pátápátá nínú fọ́tò, kọ̀ǹpútà ò lè rí nǹkan kan fà jáde níbẹ̀ mọ́.

Torí náà má wo ojú ìwé ẹ̀ lórí Instagram nìkan. Ní kó fi gbogbo fọ́tò ìgbéyàwó kan ṣoṣo hàn ẹ́, láti àárọ̀ dalẹ́, kó o wo bí ẹtù àti àlàárì ṣe rí níbẹ̀, kó o wo ojú àwọn tó dúdú. Bí owó bá ká a, kí wọ́n jẹ́ méjì, ọ̀kan lọ́dọ̀ rẹ, ọ̀kan lábẹ́ kánópì. Fọ́tò ẹbí ni kí wọ́n to èèyàn fún, ìyẹn ò ṣe é fi sílẹ̀, àwọn àgbà fẹ́ èyí tí wọ́n máa gbé kọ́ ògiri. Kí àǹtí kan tó mọ gbogbo ẹbí máa pe orúkọ. Má ṣe é lọ́sàn-án gangan o, òjìji gèlè á bo ojú yín, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló dáa. Bó bá wù ẹ́ kí wọ́n tò ẹ́ dáadáa, ẹ lọ ya pre-wedding n'Íkògòsì lọ́jọ́ mìíràn, kẹ́ ẹ kàn jáde lábẹ́ igi, torí ewé máa ń sọ ojú di àwọ̀ ewé nínú fọ́tò.

Nígbà tí àbúrò mi mìíràn ṣe tiẹ̀ ní 2022, èmi ni mo wá fotogíráfà. Aago mẹ́fà àárọ̀ ló ti dé, àwọn obìnrin ń gún iyán lẹ́yìnkùlé, ó sì rí Yèyé lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó, iṣu gbígbóná lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, eyín tó kù lẹ́nu wọn hàn, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n wo kámẹ́rà. Fọ́tò yẹn ló wà ní pálọ̀ wa báyìí.